Ọ̀jọ̀gbọ́n Z. K. Matthews: Olùkọ́ tí ó Fi Owó Ìfẹ̀yìntì Sílẹ̀ Nítorí Òtítọ́

Ní ìlú Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ọgbà ìtura kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joubert Park. Orúkọ Piet Joubert, ọ̀gágun àwọn Bóà, ni a fi sọ ọgbà náà, orúkọ yìí kan náà ni a sì ń pe àdúgbò tí ó yí i ká. Ní àdúgbò yìí ni ilé ńlá kan wà tí àwọn ológun kọ́ ní 1904 fún kíkọ́ àwọn ọmọ ogun ní iṣẹ́ wọn. Drill Hall ni a ń pè é. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ọdún 1956, ìjọba sọ ilé àwọn ológun yìí di ilé ẹjọ́, nítorí pé àwọn tí wọ́n fẹ́ bá ṣẹjọ́ pọ̀ ju èyí tí ilé ẹjọ́ lásán lè gbà lọ. Ènìyàn 156 ni wọ́n. Nínú wọn, 105 jẹ́ ọmọ Áfíríkà, 23 jẹ́ aláwọ̀ funfun, 21 jẹ́ ọmọ Índíà, 7 sì jẹ́ àwọn tí òfin ilẹ̀ náà ń pè ní aláwọ̀ àdàlù. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba ni a fi kan gbogbo wọn, ẹ̀sùn tí ó lè gba ẹ̀mí ẹni tí ó bá jẹ̀bi rẹ̀.

Wọ́n fi wáyà ṣe àgò ńlá kan sínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì kó àwọn olùjẹ́jọ́ sí inú rẹ̀ bí ẹni kó adìyẹ. Àfìgbà tí àwọn agbẹjọ́rò fárígá pé àwọn kò ní sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn tí àwọn ń gbèjà wà nínú àgò ni wọ́n tó tú u palẹ̀. Lóde, èrò kún ojú pópó, wọ́n ń kọrin. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn, àwọn kan sì farapa. Láàárín àwọn olùjẹ́jọ́ ni ọkùnrin ẹni ọdún 55 kan jókòó sí, ẹni tí kò gbé ohun ìjà rí láyé rẹ̀, tí ó sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Zachariah Keodirelang Matthews ni, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Z. K. Joe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pàápàá wà lára àwọn olùjẹ́jọ́ náà.

Báwo ni ẹni tí ó gba ọ̀nà ìwé kíkà, tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, ṣe dé inú àgò wáyà ní Joubert Park? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Ó kan gbogbo olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròhìn yìí, ó sì kan gbogbo ọmọ ilé-ìwé tí a ń sọ fún lójoojúmọ́ pé kí ó múra sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó lè di ènìyàn pàtàkì lọ́la.

Ọmọ Awakùsà

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, ọdún 1901, ni a bí Matthews ní Winter's Rush, ìletò kan tí kò jìnnà sí Kimberley, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nítorí òkúta dáyámọ́ńdì. Ibi ìwakùsà náà ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìran Bamangwato ni bàbá yìí, àwọn tí ilẹ̀ bàbá wọn wà nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Botswana lónìí. Ìran Barolong sì ni ìyá rẹ̀. Ìgboro Kimberley ni ọmọ náà gbé dàgbà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ tí ń dáko tí wọ́n sì ń da màlúù ní ìgbèríko. Báyìí ni ó ṣe mọ ayé méjèèjì: ayé fèrè tí ń pe òṣìṣẹ́ lọ sí ibi ìwakùsà, àti ayé àwọn àgbà tí ń fi òfin ìbílẹ̀ parí ìjà lábẹ́ igi.

Ìgbà èwe rẹ̀ bọ́ sí àkókò tí ilẹ̀ ń mì. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní 1910, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Bóà so ìpínlẹ̀ mẹ́rin pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, wọ́n sì fi agbára lé aláwọ̀ funfun lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní 1912, àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn àlùfáà àti àwọn ọba aláwọ̀ dúdú pàdé ní Bloemfontein, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí African National Congress sílẹ̀. Ní 1913, òfin ilẹ̀ jáde, èyí tí ó fi ìwọ̀nba kékeré, tí kò tó ìdá mẹ́wàá ilẹ̀ náà, sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ìwé gbógun ti òfin yìí jùlọ ni Solomon Plaatje, akọ̀ròhìn tí ó fi Kimberley ṣe ibùgbé, tí ó sì jẹ́ ìbátan Matthews. Nítorí náà kò ṣòro fún ọmọ náà láti rí i pé kálámù lè jẹ́ ohun èlò ìjà. Ó tún rí i pé kálámù nìkan kò ì tíì dá ilẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni.

Lovedale àti Fort Hare

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ awakùsà yìí mọ ọwọ́ wẹ̀. Nítorí pé ó mọ̀wé, ó gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ó gbé e dé ilé-ìwé Lovedale, tí àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland dá sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú Alice ní ìhà ìlà-oòrùn Cape. Ọ̀nà jíjìn ni láti Kimberley. Ilẹ̀ àwọn Xhosa ni Lovedale wà, èdè Setswana sì ni èdè ilé bàbá Matthews. Ní ilé-ìwé yìí ni ọmọ Tswana ti jókòó ti ọmọ Xhosa, tí ọmọ Sotho bá ọmọ Zulu pín yàrá sùn. Ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí ìwé bá parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a gbé ohun èlò, wọn a lọ fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ilé-ìwé. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà kọminú sí iṣẹ́ ọwọ́ yìí, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ fi sọ àwọn di lébìrà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọjá níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà kọ́ pé ìwé kì í sọ ènìyàn di ẹni tí ó ga ju ilẹ̀ lọ.

Ní òdì-kejì odò Tyhume, ní ọ̀kánkán Lovedale, ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fort Hare wà, èyí tí a ṣí ní oṣù Kejì 1916. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí orúkọ náà. Odi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni Fort Hare tẹ́lẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá àwọn Xhosa jagun. Ibi tí a ti ń yìnbọn sí àwọn bàbá ni a wá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí fún àwọn ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ bí ogún péré ni ó bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Alexander Kerr, ará Scotland, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà; D. D. T. Jabavu, ọmọ Áfíríkà tí ó ti kàwé gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù, ni olùkọ́ tí ó kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Lovedale sọdá odò wá, Jabavu jẹ́ ẹ̀rí tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí: aláwọ̀ dúdú lè dúró níwájú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí ó sì máa kọ́ni.

Fort Hare kò ní àṣẹ nígbà náà láti fi oyè dá ẹnikẹ́ni lọ́lá. Yunifásítì Gúúsù Áfíríkà ni ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìdánwò kan náà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń ṣe, tí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì mọ àwọ̀ ara ẹni tí ó kọ ọ́. Ní 1923 ni Matthews ṣe ìdánwò yìí, ó yege, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè B.A. láti ilé-ẹ̀kọ́ inú ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní láti sọdá òkun. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí ó lè fi òótọ́ inú sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò gbé e. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni àwọn ń pa.

Olùkọ́ Láàárín Àwọn Olùkọ́

Kò pẹ́ tí ó gba oyè tán tí a fi fi í ṣe olórí ilé-ìwé girama Adams College ní Amanzimtoti, ní ẹ̀bá Durban. Kò sí ọmọ Áfíríkà tí ó di ipò náà mú rí. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ayé yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà: Albert Luthuli, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ti ọdún 1960. Àwọn méjèèjì wọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Natal, wọ́n di ipò mú nínú rẹ̀, Matthews sì di ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa yóò rántí pé ní 1931 ni a dá Nigeria Union of Teachers sílẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun kan náà ni ó ń dun olùkọ́ ní ìhà méjèèjì: owó oṣù tí kò tó nǹkan, àti ìjọba tí ó fẹ́ kí olùkọ́ máa kọ́ ọmọ láì béèrè ohun tí ọmọ náà yóò dà. Ní 1928 ni Matthews fẹ́ Frieda Bokwe, ọmọ John Knox Bokwe, àlùfáà tí a mọ̀ káàkiri fún àwọn orin ìsìn tí ó kọ.

Bí ó ti ń kọ́ni ní Adams ni ó ń dá ka ìwé òfin, láìsí olùkọ́ tí ó dúró tì í. Ní 1930, ó gba oyè LL.B. ti Yunifásítì Gúúsù Áfíríkà. Ní 1933, ó lọ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè M.A. níbẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, lórí bí òfin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ọ̀làjú àwọn òyìnbó ṣe ń forí gbárí. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn lọ́dọ̀ Bronislaw Malinowski. Ẹ kíyè sí ohun tí ó gbé ọ̀nà jíjìn lọ kọ́. Kò lọ láti kọ́ bí a ti í di òyìnbó; òfin àwọn àgbà abẹ́ igi tí ó mọ̀ láti kékeré ni ó lọ fi ìmọ̀ òde òní wádìí, kí ó lè sọ fún ayé pé òfin ni, kì í ṣe àṣàkaṣà.

Ní 1936 ó padà sí Fort Hare gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àgbà. Ní 1937, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í sí ìgbìmọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà àti Sudan, ìgbìmọ̀ tí àbọ̀ rẹ̀ la ọ̀nà fún Makerere láti di ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti Elliot tí ó wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Àlùfáà Ransome-Kuti jókòó nínú rẹ̀, tí Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ibẹ̀ jáde ní 1948. Nígbà tí Jabavu fẹ̀yìn tì ní 1944, Matthews di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà. Ní àkókò rẹ̀ ni Fort Hare tọ́ Nelson Mandela, Oliver Tambo, Seretse Khama àti Robert Sobukwe. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́, kí ó ka orúkọ mẹ́rin yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú Ìgbìmọ̀ tí Kò Ní Agbára

Ní 1936, ìjọba yọ orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ Cape kúrò nínú ìwé ìdìbò tí àwọn àti àwọn aláwọ̀ funfun jọ wà. Ohun tí wọ́n fi dí i ni ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa gba ìjọba ní ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tí a ń gbà ní ìmọ̀ràn lè gbọ́, ó sì lè kọ etí ikún. Ní 1942 ni a dìbò yan Matthews sí ìgbìmọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹjọ 1946, àwọn awakùsà wúrà aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ju 70,000 lọ, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó iṣẹ́, ìjọba sì fi ọlọ́pàá lé wọn padà sínú kòtò, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọmọ awakùsà tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ kò lè dákẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ìpàdé rọ̀ láti fi ìkọ̀sílẹ̀ wọn hàn.

Síbẹ̀, a kò ní fi bò pé àwọn ọ̀dọ́ inú Congress bínú sí i ní àkókò yìí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe jókòó sí ibi tí a ti ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọdún 1950 ni Matthews tó kúrò. Ẹni tí ó gbà pé a lè fi ọ̀rọ̀ yí ọkàn alágbára padà a máa pẹ́ kí ó tó dìde lórí àga. Àléébù ni èyí lójú àwọn kan, sùúrù ni lójú àwọn mìíràn. Ní tiwa, a rò pé ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ nínú ọdún mẹ́jọ náà ni kò jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó pinnu nígbà tí ìdánwò tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ dé bá a.

Kò jókòó lásán ní gbogbo àkókò náà. Ní 1943, òun ni alága ìgbìmọ̀ tí Congress yàn láti kọ ìwé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, nígbà tí Churchill àti Roosevelt ń ṣèlérí òmìnira fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ogun Hitler ń pọ́n lójú. Ìwé náà béèrè bóyá ìlérí náà kan aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Ní 1949 ó di ààrẹ Congress ní ìpínlẹ̀ Cape. Ní oṣù Kẹjọ 1953, ní ìpàdé Congress ní Cradock, ó dá àbá tí ó mì gbogbo ilẹ̀ náà: kí a pe àpéjọ gbogbo ènìyàn, láìwo àwọ̀ tàbí ìran, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ irú orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń gba ohun tí ará ìlú fẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kẹfà 1955, àwọn aṣojú bí 3,000 pàdé ní Kliptown ní Johannesburg, wọ́n sì fọwọ́ sí Ìwé Òmìnira. Matthews fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbá rẹ̀ ni ó dé ibẹ̀. Ìwé yìí ni ìjọba fi ṣe pàtàkì ẹ̀rí ọ̀tẹ̀ nígbà tí ó kó ènìyàn 156.

Láti Odi dé Drill Hall

Ní àárọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1956 ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀wọ̀n tí a kó àwọn ọkùnrin sí ni ilé odi àtijọ́ tí ó wà lórí òkè, tí kò jìnnà sí Joubert Park. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹ kí olùkọ́ gbọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ yàrá ẹ̀wọ̀n di ilé-ìwé, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: ẹnìkan sọ ti orin Áfíríkà, ẹlòmíràn sọ ti iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀. Matthews kọ́ wọn ní ìtàn Congress àti ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí a gbà kí wọ́n gba onídùúró, £250 ni a bù fún aláwọ̀ funfun, £100 fún ọmọ Índíà, £25 fún aláwọ̀ dúdú àti àdàlù. Ẹ̀sùn kan náà, ọjọ́ kan náà, adájọ́ kan náà; síbẹ̀ òfin ilẹ̀ náà kò lè ka ènìyàn sí ọgba, àní nígbà tí ó fẹ́ pa wọ́n pọ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1958 ni ìwádìí náà ń lọ ní Drill Hall kí a tó gbé ẹjọ́ lọ sí Pretoria. Ní òpin 1958 ni a tó jọ̀wọ́ Matthews, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Fort Hare.

Ìpinnu Ọdún 1959

Ìgbà tí ó padà dé ni ìdánwò tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Láti 1953 ni ìjọba ti ṣe òfin tí ó gba ilé-ìwé àwọn ọmọ Áfíríkà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, tí ó sì gbé e sí abẹ́ àwọn tí ó gbà pé iṣẹ́ ẹrú ni a bí aláwọ̀ dúdú fún. Òfin yìí ni ó gba Adams College ní 1956, ilé-ìwé tí Matthews ti jẹ́ olórí rẹ̀. Ní 1959 ó kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òfin titun ní kí a pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìran-ìran: Fort Hare di ti àwọn Xhosa nìkan, kí Zulu lọ sí tirẹ̀, kí Sotho lọ sí tirẹ̀, kí ìjọba sì máa darí gbogbo rẹ̀ láti Pretoria.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ó bá ṣe pé òfin yìí wà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kimberley fẹ́ sọdá odò Tyhume, wọn ì bá lé e padà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ọmọ Tswana ni. Gbogbo ohun tí ó mú un di ènìyàn, ìyẹn ìjókòó ti ọmọ ìran mìíràn, ìdánwò tí kò mọ àwọ̀, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú níwájú kíláàsì tí ó gba gbogbo ènìyàn, ni òfin náà wá parẹ́. Odi àwọn ọmọ ogun tí a ti sọ di ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ padà di odi.

Ọdún díẹ̀ péré ni ó kù kí Matthews fẹ̀yìn tì. Bí ó bá dákẹ́, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti dájú. Àwọn kan wà tí wọ́n lè sọ pé kí ó dúró nítorí àwọn ọmọ: bí olùkọ́ rere bá lọ, ta ni yóò dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ búburú? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn olùkọ́ mìíràn dúró nítorí rẹ̀, a kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wúwo bí ti Matthews, bí ó bá dúró, orúkọ náà ni wọn yóò fi bo ojú òfin. Wọn yóò máa sọ fún ayé pé ẹ wò ó, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti fi ọdún mẹ́jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí kò ní agbára, ó mọ bí a ti í fi ọlá ènìyàn ṣe aṣọ ìbora fún ìwà ìkà. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì pàdánù owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Iyì ni ó kù tí ó mú lọ sílé, a kì í sì í fi iyì ra gààrí. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ohun tí owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ fún olùkọ́ kò lè mọ ìwọ̀n ohun tí ọkùnrin yìí ṣe.

Ọjọ́ Ìkẹyìn Rẹ̀

Ní oṣù Kẹta 1960, àwọn ọlọ́pàá pa ènìyàn 69 ní Sharpeville, ìjọba kéde pàjáwìrì, wọ́n fi òfin de Congress, wọ́n sì tún ti Matthews mọ́lé fún oṣù mélòó kan. Ní ọdún náà ni ó lọ sí Pretoria láti jẹ́rìí gbe àwọn tí ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn. Òun ni ẹlẹ́rìí ìkẹyìn tí àwọn agbẹjọ́rò wọn pè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1961, ilé ẹjọ́ dá àwọn tí ó kù sílẹ̀, Mandela sì wà lára wọn. Ní 1961 yìí kan náà ni Matthews bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn aṣáájú Áfíríkà sínú ìwé ìròhìn Imvo Zabantsundu, kí àwọn ọmọ tí a fẹ́ fi òfin sọ di aláìmọ̀ má baà gbàgbé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ìwé ìròhìn di kíláàsì.

Lẹ́yìn náà, Àjọ Àwọn Ìjọ Kristẹni Àgbáyé pè é sí Geneva láti máa bójú tó iṣẹ́ wọn ní Áfíríkà, ó sì ṣe wàhálà púpọ̀ nítorí àwọn ogúnléńdé. Nígbà tí Botswana gba òmìnira ní oṣù Kẹsàn-án 1966, Seretse Khama, ẹni tí Fort Hare tọ́, di ààrẹ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fi í ṣe aṣojú Botswana ní Amẹ́ríkà àti ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Báyìí ni ọmọ Bamangwato tí a bí sí ẹ̀bá kòtò dáyámọ́ńdì ṣe padà di ọmọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ní Washington ni ó kú sí ní oṣù Karùn-ún 1968, ẹni ọdún 66, a sì gbé e wá sin ní Gaborone. Kò rí òmìnira ilẹ̀ tí a bí i sí; ọdún 26 ni ó kù kí gbogbo ènìyàn tó jọ dìbò níbẹ̀ ní 1994. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, ẹni tí ó di ààrẹ ti kàwé ní Fort Hare. Ní 2004, Naledi Pandor, ọmọ Joe, ọmọ-ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Yunifásítì Gúúsù Áfíríkà, tí ó ṣe ìdánwò fún un ní 1923, sì ti fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ní Pretoria.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí a bá dúró níwájú àwọn ọmọ tí a ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kàwé, kí wọ́n ṣe aṣáájú, kí wọ́n ran ará ìlú lọ́wọ́, ó yẹ kí a sọ èyí tí ó kù fún wọn pẹ̀lú. Ọjọ́ kan lè dé tí ìwé tí ènìyàn kà, ipò tí ó dì mú àti ìrànwọ́ tí ó ń ṣe kò ní lè jọ gba ọ̀nà kan náà mọ́, tí yóò sì ní láti jọ̀wọ́ ọ̀kan nítorí èyí tí ó kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Matthews jọ̀wọ́ ipò. Kí a wá máa múra àwọn ọmọ wa sílẹ̀ de ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí a sì múra ara wa sílẹ̀ pẹ̀lú.